Sobantu: bíṣọ́ọ̀bù tó ní Ọlọ́run kò dúró de ẹ̀jẹ̀ kó tó fẹ́ràn ènìyàn

Àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi níbí ní London, tí púpọ̀ nínú wọn ti tẹ́fá tàbí tí wọ́n ti gba òrìṣà, máa ń bi mí ní ìbéèrè kan tí kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ẹbọ tí àwọn Kristẹni ń wí pé Jésù rú lórí igi àgbélébùú, ṣé òun àti ẹbọ tiwa, nǹkan kan náà ni? Tí kì í bá ṣe nǹkan kan náà, kí ló dé tí Bíbélì Yorùbá fi mú ọ̀rọ̀ wa, ètùtù, tó fi pè é? Mo lè fi ẹnu lásán dáhùn, àmọ́ mo rò pé ìtàn ọkùnrin kan á là á yé wa ju ẹnu mi lọ. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe olórìṣà. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ni, Kristẹni ló sì jẹ́ títí tó fi kú.

John William Colenso ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1814 ni wọ́n bí i ní St Austell, ní Cornwall, agbègbè àwọn awakùsà. Owó kò pọ̀ nílé wọn. Kó tó wọ yunifásítì Cambridge, ó ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kékeré kó lè rówó, nígbà tó sì débẹ̀, ìṣirò ló gbé e ga: ní 1836 òun ló ṣe ipò kejì nínú ìdánwò ìṣirò Cambridge. Lẹ́yìn ìyẹn ó lọ kọ́ àwọn ọmọ olówó ní Harrow. Ilé tó ń gbé níbẹ̀ jóná, ó bọ́ sínú gbèsè ńlá, àwọn ìwé ìṣirò tó kọ fún ọmọ iléèwé sì wà lára ohun tó fi san án. Ìwé náà tà gan-an. Ẹ fi ọ̀rọ̀ gbèsè yìí sọ́kàn o, torí ọkùnrin tó mọ bí gbèsè ṣe ń dun ni, tó sì mọ owó í ṣírò, ló padà wá sọ pé ìgbàlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbèsè rárá.

Ní 1846 ó fẹ́ Frances Bunyon. Obìnrin yìí ló mú un mọ ìwé F. D. Maurice, àlùfáà tí King's College ní London lé lẹ́nu iṣẹ́ ní 1853 nítorí pé kò gbà pé ìyà ọ̀run àpáàdì kò lópin. Ọdún yẹn gan-an ni Colenso tẹ ìwé ìwàásù kan jáde tó sì fi yẹ́ Maurice sí ní gbangba, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fẹ́ fi òun fúnra rẹ̀ joyè bíṣọ́ọ̀bù Natal. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Àmọ́ oyè náà kò bọ́, wọ́n fi í jẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1853.

Natal wà ní etíkun gúúsù Áfíríkà, lápá ìlà oòrùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣèjọba ibẹ̀; lókè odò Thukela ni ilẹ̀ ọba Zulu wà, tí Mpande jẹ́ ọba rẹ̀. Colenso kọ́kọ́ lọ wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní 1854, ó sì kó ìyàwó àtọmọ débẹ̀ ní 1855. Ó kọ́ ilé ìsìn àti iléèwé sí Ekukhanyeni, nítòsí Pietermaritzburg. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni ibi ìmọ́lẹ̀. Ohun tó wá ṣe níbẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀: ó jókòó kọ́ èdè. Ó kọ ìwé gírámà Zulu, ó kọ ìwé atúmọ̀ èdè Zulu tó jáde ní 1861, ó sì tú Májẹ̀mú Tuntun. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó kọ́ àwọn ọmọ Zulu bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ọ̀kan nínú wọn, Magema Fuze, ló wá di ọmọ Zulu àkọ́kọ́ tó kọ odindi ìwé ìtàn ní èdè Zulu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1922 kó tó di títẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ Ọlọ́run ló kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn. Àwọn ajíhìnrere tó ṣáájú ti kó orúkọ kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Xhosa, uThixo, torí wọ́n rò pé Zulu kò mọ Ọlọ́run. Colenso bi àwọn àgbàlagbà léèrè, wọ́n sì dá a lóhùn pé ẹni tó dá gbogbo nǹkan ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn: uNkulunkulu, uMvelinqangi. Ó ní ó tán, orúkọ yẹn ni kí wọ́n máa lò. Ẹni tó bá mọ bí Ọlọ́run àti Olódùmarè ṣe wọ Bíbélì Yorùbá á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí o bá gbà pé ènìyàn ti mọ orúkọ Ọlọ́run kí o tó dé, á ṣòro fún ọ láti sọ pé Ọlọ́run kò mọ̀ ọ́n.

Ohun kejì ni ìyàwó púpọ̀. Òfin àwọn ajíhìnrere ni pé olóbìnrin méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lé gbogbo wọn àfi ọ̀kan kó tó ṣèrìbọmi. Colenso ní ìkà ni. Ó ní níbo ni ẹ fẹ́ kí obìnrin tí wọ́n lé lọ gbà, ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ó tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1855, ariwo sì ta ní ìlú òyìnbó. Ìbéèrè yìí kan náà ló dé Èkó lẹ́yìn náà. Ní 1888 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà péjọ sí Lambeth, wọ́n ní àwọn kò ní ṣèrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá kan yọwọ́ dá United Native African Church sílẹ̀ ní 1891. Colenso ti kú nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ti bá Zulu gbé mọ̀ pé àwọn amadlozi, àwọn baba ńlá tó ti lọ, kì í ṣe òkú lójú wọn. Wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń pa màlúù fún wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń bá àwọn ará ọ̀run wa sọ̀rọ̀ nídìí egúngún. Ajíhìnrere wá dé, ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ènìyàn là, ẹni tí kò bá sì gbọ́ nípa rẹ̀ kó tó kú, iná ni. Àwọn tó ń gbọ́ kò béèrè nípa ara wọn. Nípa bàbá wọn ni wọ́n béèrè. Colenso rí i pé bí àwọn òbí àti àwọn àgbà wọn bá ti ṣègbé láé torí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn, kò sí bí òun ṣe lè pe ọ̀rọ̀ òun ní ìhìn rere lójú àwọn ọmọ.

Mo ti jókòó níbi ìsìnkú kan tí oníwàásù kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí tó ń sọ fún àwọn ọmọ olóògbé pé bàbá tó tọ́ wọn tó sì rán wọn lọ síléèwé wà nínú iná báyìí, torí pé ó bọ Ògún títí ó fi kú. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Torí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà pé bíṣọ́ọ̀bù kan ti bá irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ jà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, mo dìde lórí àga.

Ní 1861 ló tẹ ìwé rẹ̀ lórí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde. Ó ní ojú ajíhìnrere lòun fi ka lẹ́tà náà. Kí ẹ tó lè mọ bí ìwé yẹn ṣe le tó, ẹ ní láti mọ ohun tó ń bá jà. Láti ayé Anselm, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury tó kọ̀wé ní nǹkan bí 1098, ni wọ́n ti ń kọ́ni pé ẹ̀ṣẹ̀ dà bí gbèsè tí ènìyàn jẹ Ọlọ́run, gbèsè tó tóbi débi pé ènìyàn kò lè san án, tí Ọlọ́run pẹ̀lú kò sì lè ṣe bí ẹni pé kò sí. Ọmọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló wá san án. Lẹ́yìn bí irinwó ọdún ó lé, àwọn alátùn-únṣe ìjọ, bíi Calvin, wá mú un le sí i: ìyà ni, kì í ṣe gbèsè nìkan, ìyà tó tọ́ sí wa ni wọ́n fi jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀, kí ìbínú lè rọlẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni púpọ̀ nínú àwọn ajíhìnrere gbé wá sí Áfíríkà, lọ́dọ̀ Zulu àti lọ́dọ̀ tiwa.

Colenso kò sọ pé Jésù kò kú, kò sì sọ pé ikú rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Ohun tó sọ ni pé wọ́n ti da ọ̀rọ̀ náà dojú kọ ẹ̀yìn. Ó ní nínú gbogbo ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ, kò síbi tó ti sọ pé wọ́n ń tu Ọlọ́run nínú kó lè padà fẹ́ràn wa. Àwa ni wọ́n ń mú padà bá Ọlọ́run rẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló rán Jésù wá, báwo ni ikú Jésù ṣe lè jẹ́ ohun tó ra ìfẹ́ yẹn? Ó ní adájọ́ tó bá fìyà jẹ aláìṣẹ̀ dípò ọ̀daràn kò ṣe ìdájọ́ òdodo kankan. Ó tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo ọmọ aráyé ni oore náà wà fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, ẹni tó gbọ́ àtẹni tí kò gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì àti Zulu, ìrìbọmi wulẹ̀ jẹ́ àmì ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni. Ìyà lẹ́yìn ikú ńkọ́? Ó ní bó bá wà, ìyà tó ń wo ènìyàn sàn ni, kì í ṣe èyí tí kò lópin.

Ó yá, ká padà sí ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó máa ń dùn mọ́ àwọn kan nínú wa láti gbá irú ọ̀rọ̀ yìí mú kí wọ́n máa fi Kristẹni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ rọra o. Àwa náà ní ẹbọ tí wọ́n ń rú dípò ènìyàn. Àyèpínùn ni àwọn àgbà ń pè é. Bí ikú bá dojú kọ ẹnì kan, Ifá lè ní kó mú ẹran kalẹ̀, ẹran náà á sì lọ dípò rẹ̀. Torí náà, a kò lè sọ pé àwa kò mọ ìrọ́pò. Ibi tí ìyàtọ̀ wà lójú tèmi nìyí: Ikú tí a ń bá dúnàá dúrà yẹn, ajogun ni, kì í ṣe Olódùmarè. A kì í sọ pé Olódùmarè ló ń bínú sí gbogbo ọmọ aráyé láti inú oyún tí ẹran fi gbọ́dọ̀ kú. Ẹbọ kò sì ti ilẹ̀kùn ìwà pa. Ẹni tó rúbọ tó sì ń hùwà ìkà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tú u. Ètùtù sì rèé, inú tù ló ti wá, kí nǹkan gbígbóná lè tutù, kí ilé àti ìlú lè rójú. Nígbà tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, wọ́n gbé ẹrù kan lé e lórí tí kò rù rí. Àfi kí n fi kún un pé Crowther ní tirẹ̀ gba ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà gbọ́ tọkàntọkàn.

Bó bá jẹ́ pé ìwé yẹn nìkan ni, bóyá wọn ì bá jẹ́ kó sùn. Àmọ́ Colenso ń tú Májẹ̀mú Láéláé náà lọ, William Ngidi, ọmọ Zulu tó ń ràn án lọ́wọ́, sì ń bi í ní ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dé orí ìtàn Nóà, Ngidi fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé gbogbo ẹranko láti ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ gbígbóná wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí òfin Mósè ti sọ pé ẹni tó lu ẹrú rẹ̀ pa kò ní jìyà bí ẹrú náà bá fi ọjọ́ kan tàbí méjì yè é, nítorí owó rẹ̀ ni, ara Ngidi kọ̀ ọ́, kò lè gbà pé Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀. Colenso kò purọ́ fún un. Onímọ̀ ìṣirò náà kó bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, iye àgùntàn wọn, bí àgọ́ ṣe fẹ̀ tó, iye ẹbọ tí àlùfáà mẹ́ta péré gbọ́dọ̀ máa rú lójúmọ́. Ìṣirò náà kò jọra. Láti 1862 sí 1879 ló fi ń tẹ ìwé náà jáde, apá méje. Ní ìlú òyìnbó wọ́n fi í kọrin ẹ̀fẹ̀: bíṣọ́ọ̀bù tó lọ yí Zulu lọ́kàn padà, tí Zulu wá yí i lọ́kàn padà. Wọ́n rò pé èébú ni. Èmi kò rí èébú níbẹ̀.

Robert Gray, bíṣọ́ọ̀bù Cape Town tó jẹ́ olórí gbogbo wọn ní gúúsù Áfíríkà, pe ẹjọ́ rẹ̀ ní òpin ọdún 1863. Ẹ̀sùn mẹ́sàn-án ni. Àwọn tó ṣáájú kì í ṣe ti Nóà, ti ìwé Róòmù ni: pé ó sẹ́ ẹ̀kọ́ ètùtù, pé ó sẹ́ ìyà àìlópin. Colenso wà ní London, kò lọ. Wilhelm Bleek, onímọ̀ èdè, ló bá a ka ìwé àtakò rẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ó gbé e lọ sí Privy Council, ilé ẹjọ́ ọba ní London, wọ́n sì dájọ́ ní 1865 pé Gray kò láṣẹ láti rọ ẹnikẹ́ni lóyè. Gray lé e kúrò nínú ìjọ ní 1866 ṣá. Nígbà tó di 1869 wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù mìíràn, Macrorie, jẹ fún ìlú kan náà, ó wá di bíṣọ́ọ̀bù méjì, ṣọ́ọ̀ṣì méjì, tí wọn kì í kíra wọn. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó fa ìpàdé Lambeth àkọ́kọ́ ní 1867. Ẹ sì wo bí ayé ṣe rí: oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dájọ́ Colenso ní Cape Town ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní 1864.

Síbẹ̀, àwọn òyìnbó Natal kò tíì kórìíra rẹ̀ tán. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ohun tó lé wọn ni Langalibalele. Ní 1873 ìjọba Natal ní kí ọba àwọn Hlubi yìí mú ìbọn àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wá kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, ó lọ́ra, ó sá, wọ́n mú un. Wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó ní agbẹjọ́rò tó lè gbèjà rẹ̀, wọ́n fọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ká, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Robben. Theophilus Shepstone, olórí ọ̀rọ̀ àwọn adúláwọ̀ nínú ìjọba, ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀rẹ́ Colenso láti ogún ọdún sì ni. Colenso wádìí ẹjọ́ náà bó ṣe wádìí ìwé Mósè, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ó rí i pé irọ́ wà níbẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ London ní 1874 láti lọ sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ náà parí. Àwọn òyìnbó kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Zulu ní tiwọn ti ń pè é ní Sobantu, baba àwọn ènìyàn.

Lójú mi, ibi yìí ni ìwé Róòmù ti di ẹran ara. Ẹni tí kò gbà pé kí Ọlọ́run fìyà jẹ aláìṣẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè rójú, báwo ló ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ gómìnà?

Ní oṣù kìíní 1879 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun wọ ilẹ̀ Cetshwayo, ọmọ Mpande. Ní ọjọ́ 22 oṣù yẹn, àwọn Zulu ṣẹ́gun wọn ní Isandlwana. Àwọn tó kú lápá Gẹ̀ẹ́sì lé ní 1,300. Anthony Durnford, ọ̀rẹ́ ilé Colenso, wà lára wọn. Natal kún fún ẹ̀rù àti ẹ̀san. Ní oṣù kẹta wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìrẹ̀sílẹ̀ àti àdúrà, Colenso sì gun àga ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì St Peter ní Pietermaritzburg. Ibi tó mú nínú Bíbélì ni orí kẹfà ìwé Míkà, níbi tí ènìyàn ti ń béèrè bóyá àgbò ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tàbí àkọ́bí òun pàápàá, ni òun á fi ṣètùtù, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé òdodo, àánú àti ìrẹ̀lẹ̀ ni Ọlọ́run ń fẹ́. Ó wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀, àwọn tí ọmọ wọn ti kú lógun, ibo ni òdodo àti àánú wà nínú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí Zulu. Ó gba ìgboyà.

Wọ́n mú Cetshwayo ní oṣù kẹjọ, wọ́n tì í mọ́lé ní Cape Town, Colenso lọ kí i níbẹ̀ ní 1880. Ó lo ọdún tó kù láyé rẹ̀ lórí pé kí wọ́n dá ọba náà padà. Wọ́n dá a padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1883, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún yẹn ni Colenso kú. Wọ́n sin ín sínú ṣọ́ọ̀ṣì St Peter.

Kristẹni ló fẹ́ kí àwọn Zulu dà, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ọ́ di olórìṣà lẹ́yìn ikú. Ilé rẹ̀ jóná ní 1884. Ọmọ rẹ̀ Frances kú ní 1887. Harriette, àkọ́bí rẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé Dinuzulu ọmọ Cetshwayo lọ sí St Helena, òun ló jà fún un títí dé London. Ní 1910 òfin tuntun gba ilẹ̀ Ekukhanyeni lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó jáde. Ó gbé ayé títí di 1932. Udlwedlwe ni àwọn Zulu ń pè é, ọ̀pá tí Sobantu fi ń tilẹ̀.